Ọdún Mẹ́jọ Amaju Pinnick

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ní ìlú Benin, ni wọ́n dìbò yan Ibrahim Gusau láti rọ́pò Amaju Pinnick, ẹni tí ó ti jẹ́ ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà láti ọdún 2014. Àwọn tí ó fẹ́ràn Pinnick ní ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí. Super Eagles ni ó kọ́kọ́ yege ní Áfíríkà fún Ife Àgbáyé 2018. Wọ́n ṣe ipò kẹta ní Íjíbítì ní 2019. Òun fúnra rẹ̀ sì wọ ìgbìmọ̀ FIFA.

Ṣùgbọ́n ní 2016, àwọn obìnrin Super Falcons gba ife Áfíríkà tán, wọ́n wá jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Abújá, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò títí wọn yóò fi san owó àwọn. (Gbèsè bẹ́ẹ̀ ti wà kí ó tó dé, a kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ọn.) Ní oṣù Kẹta 2022, a gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú Gánà nílé wa, a kò sì lọ sí Qatar.

Lójú tèmi, líìgì ilé ni ẹ̀sùn tí ó wúwo jù. Ọmọ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ayépé níhìn-ín, àga FIFA kò lè gbé e dé ibì kankan. Líìgì ni àkàbà rẹ̀. Ní 2018, nígbà tí ìjà ń lọ lórí ta ni ààrẹ àjọ, wọn kò gbá líìgì náà parí. Lobi Stars tí ó wà lókè tábìlì ni wọ́n kàn fi ránṣẹ́ sí ìdíje Áfíríkà.