Rólà Ìkẹjà àti Oòrùn Tí A Ń Tẹ̀ Bí Aṣọ

Kí okùn ìwọ̀n àwọn awọnlẹ̀ tó kan ilẹ̀ Ìkẹjà, oko ni ibẹ̀, ilẹ̀ àwọn Àwórì tí ìtàn ní àwo babańlá wọn rì sódò ní Ìṣẹ̀rì. Agége tí ojú irin gbà kọjá lọ sí Ìbàdàn, oko obì àti oko kòkó ni a fi mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lásìkò Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní apá ìparí àwọn ọdún 1950, ni fèrè ilé-iṣẹ́ gba ipò àkùkọ.

Òpópónà tí a fi orúkọ Ọba C. D. Akran, mínísítà ìjọba náà, pè, ni Nigerian Textile Mills tẹ̀dó sí. Nígbà náà, ẹni tó bá dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀ṣọ á rí i bí aṣọ funfun ti ń tú láti ara ìdì rẹ̀, tí rólà kan ń fún un ní búlúù, tí òmíràn ń fún un ní pupa, títí yóò fi jáde ní ankara. Ní Agídíngbì, bébà ìwé ìròyìn Daily Times náà máa ń sáré lábẹ́ rólà bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ nígbà náà.

Irú rólà bẹ́ẹ̀ lè tẹ ohun tí ń sọ oòrùn di iná pẹ̀lú. Ọdún 1954 ni ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà fi sílíkónì sọ oòrùn di iná tó wúlò. Ṣùgbọ́n sílíkónì kì í yọ́ àfi bí ooru rẹ̀ bá ju ìwọ̀n 1,400 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di ọ̀wọ́n nígbà náà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwọn kan po èròjà tí ń gba oòrùn bí ẹni po aró, wọ́n sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sórí ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣe é ká bí ẹní. Ilé-iṣẹ́ Nanosolar ní California, tó ń tẹ tirẹ̀ sórí aluminiọ̀mù fẹ́lẹ́, gbé e dé ọjà ní 2007. Nígbà tí yóò fi di 2013, ó ti kógbá wọlé, nítorí sílíkónì ilẹ̀ Ṣáínà ti di ọ̀pọ̀.

Àbùkù irú èyí tí a tẹ̀, tó ṣe é ká, ni pé ọ̀rinrin àti afẹ́fẹ́ tètè ń bà á jẹ́, àfi bí a bá fi ọ̀rá tó dára wé e pinpin. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó sì ń bẹ nínú àpò ṣòkòtò: Ìkẹjà mọ aró í pò, ó mọ rólà í yí, ó mọ ọ̀rá í wé. Ṣùgbọ́n lára ohun tó pa àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ wa, yàtọ̀ sí aṣọ òkèèrè, ni iná tí kì í dúró, tó sọ èrè wọn di owó epo jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ tí yóò tẹ iná, iná ni yóò kọ́kọ́ jẹ.