Arne Naess àti Òkè Hallingskarvet

Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí òkè kan bá wà tí a kò lè dáko sí, tí a kò rí wúrà wà níbẹ̀, tí kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ogun rí, ǹjẹ́ irú òkè bẹ́ẹ̀ níye lórí? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní, "Kí ni kí a wá fi ṣe?" Lójú ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí, inú ìdáhùn yẹn gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Arne Naess ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, tí a bí ní ọdún 1912. Ní ọdún 1939, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 27, Yunifásítì Oslo fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọgbọ́n-orí. Ṣùgbọ́n kí ó tó gba oyè yìí ni ó ti kọ́ ahéré kan sí ẹ̀gbẹ́ òkè Hallingskarvet, níbi tí ó ga tó mítà 1,500. Ó sọ ibẹ̀ ní Tvergastein. Ẹṣin ni ó fa pákó rẹ̀ gòkè. Igi kì í hù níbẹ̀, ìjì a máa jà kíkankíkan, yìnyín a sì máa bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí a bá ro gbogbo ìgbà tí Naess gbé níbẹ̀ pọ̀, ó ju ọdún 10 lọ.

Kì í ṣe pé ó ń sá fún iṣẹ́. Ibẹ̀ ni ó ti ń kàwé, tí ó sì ń kọ̀wé. Ó tún jẹ́ akọni nínú òkè gígùn: ní ọdún 1950 ó ṣe aṣáájú àwọn tí ó kọ́kọ́ dé góńgó Tirich Mir ní Pákísítánì, tí ó ga ju mítà 7,700 lọ. Ṣùgbọ́n ní Tvergastein, gbogbo igi ìdáná ni a ní láti gbé gòkè, nítorí náà kò sí èyí tí a lè fi ṣòfò. Ó rí àwọn òdòdó kékeré tí ń yọ láàárín òkúta nínú òtútù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n tàbí pé ẹnikẹ́ni nílò wọn.

Kò tíì pé ẹni 60 ọdún tí ó fi ipò ọ̀jọ̀gbọ́n sílẹ̀. Ní ọdún 1970, ìjọba fẹ́ darí omi Mardøla, tí ń já wálẹ̀ láti orí àpáta gíga, síbòmíràn kí wọ́n lè fi ṣe iná mànàmáná. Naess bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ jókòó dí ọ̀nà. Ọ̀nà Gandhi ará Íńdíà, ọ̀nà àìjà, ni wọ́n tọ̀. Àwọn ọlọ́pàá gbé e kúrò níbẹ̀, iṣẹ́ náà sì ń bá a lọ. Wọ́n pàdánù.

Ní ọdún 1973 ó kọ àròkọ kan tí ó fi ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀. Èkíní ń bẹ̀rù èéfín àti omi ẹlẹ́gbin nítorí ìlera àti ọrọ̀ ènìyàn nìkan. Èkejì, tí ó jinlẹ̀ jù, gbà pé ohun alààyè níye lórí fún ara rẹ̀, yálà ó wúlò fún wa tàbí kò wúlò. Ní ọdún 1984, òun àti George Sessions ará Amẹ́ríkà to ìgbàgbọ́ yìí sí ìlà mẹ́jọ. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ní ènìyàn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dín ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ayé kù, àfi nítorí ohun tí a kò lè ṣe aláìní.

Ẹlòmíràn lè bi í pé: ṣé kí ebi wá pa ènìyàn nítorí igi? Rárá o. Ohun tí a kò lè ṣe aláìní ni ó yọ sọ́tọ̀ yẹn, kò sì wọn ìwọ̀n rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ohun tí ó tó ará ibì kan lè má tó ará ibòmíràn.

Naess kú ní oṣù January ọdún 2009, ní ẹni ọdún 96. Ní ti omi Mardøla, wọ́n a máa tú u sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn, kí àwọn àlejò lè rí i. Bí àlejò bá ti lọ, wọ́n a tún sé e. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè wa ti àkọ́kọ́ ṣì wà nílẹ̀?