Olúmirìn: Níbo Ni Ètò Ààbò Ti Yẹ Kí Ó Bẹ̀rẹ̀?

Ibi mímọ́ ni àwọn ará Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà ka Olúmirìn sí kí omi náà, tí ń já wálẹ̀ lórí àpáta ní ìpele méje, tó di ibi ìgbafẹ́. Ìpele ìsàlẹ̀ ni àlejò kọ́kọ́ ń dé. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí ètò ààbò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rí wà ní Òṣogbo. Òfin bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bo Igbó Ọ̀ṣun ní 1965, UNESCO sì fọwọ́ sí hẹ́kítà 75 rẹ̀ ní 2005. Síbẹ̀, ìwakùsà wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ba odò náà jẹ́ láti òkè, débi pé ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má ṣe mu omi rẹ̀. Odò kò mọ ààlà igbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni orí òkè Olúmirìn kángun sí ilẹ̀ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ètò tí Ọ̀ṣun bá dá ṣe kò lè dé ibẹ̀.