ÀWỌN ARÁ ETÍ ÒKUN ÌLÀ-OÒRÙN ÁFÍRÍKÀ: TA NI BÀBÁ WỌN, TA NI ÌYÁ WỌN?

Bísímíláhì. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá wa ní oríṣiríṣi àwọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ẹni tó bá dé Mombasa, Lamu tàbí Zanzibar yóò rí Mùsùlùmí tó dú bíi tèmi, yóò sì rí èyí tó pupa bíi Lárúbáwá. Ẹbí kan náà lè ni wọ́n. Swahili là ń pè wọ́n. Láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá "sawāhil", ìyẹn àwọn etí òkun, ni orúkọ náà ti wá.

Níbo ni wọ́n ti ṣẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọmọ Shiraz ní ilẹ̀ Páṣíà ni àwọn. Àwọn òpìtàn kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn ní irọ́ ni, iyì lásán ni wọ́n ń wá. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ gbé àyẹ̀wò egungun ènìyàn 80 jáde. Wọ́n rí i pé láti nǹkan bí ọdún 1000 ni àwọn ọkùnrin Páṣíà ti ń fẹ́ obìnrin Áfíríkà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 1500 ni ti Lárúbáwá wá ń pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú, ohun tí wọ́n jogún láti Áfíríkà lé ní ìdajì, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ló sì ti wá jù. Ìtàn àwọn àgbà kì í ṣe irọ́, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni: wọ́n dárúkọ bàbá, wọn ò dárúkọ ìyá.

Èdè wọn náà jẹ́rìí sí i. Lóòótọ́ wọ́n yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Lárúbáwá, bí àwa náà ti yá a: "wakati" tiwọn, "wákàtí" tiwa. Ṣùgbọ́n ti Áfíríkà ni ìpìlẹ̀ èdè náà. Nígbà tí Ibn Battuta dé Kilwa ní 1331, ó ròyìn pé adú ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n kọlà sójú, ó sì yìn wọ́n fún ẹ̀sìn.

Ẹ má pe èyí ní ọ̀rọ̀ ìwé lásán o. Ní oṣù kìíní ọdún 1964, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Súltáànì Zanzibar, wọ́n sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Lárúbáwá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀, òwò ẹrú àti òṣèlú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n "Lárúbáwá lèmi, ẹrú nìwọ" náà wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ń pa Mùsùlùmí.

Àwa náà tí a ń fi ìtàn Lámúrúdu wá bàbá wa lọ sí Mẹ́kà, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ẹ lọ wo Súrà 49, āyà 13: ìbẹ̀rù Ọlọ́hun ni òṣùwọ̀n, kì í ṣe ìran. Bilal dúdú, òun ni Ànábì sì fi pe ìrun. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ ká fi iyì bàbá sẹ́ ìyá wa. Àmín.