Àkọsílẹ̀ àti Ẹ̀tọ́ Aṣọ́lé: Àtúnyẹ̀wò Iṣẹ́ Best Ogedegbe

Ó ti di àṣà láàárín àwọn kan tó ń kọ ìtàn bọ́ọ̀lù wa láti sọ pé àwọn ẹlẹ́yìn tí Christian Chukwu darí ló gba Ife Áfíríkà 1980 fún Nàìjíríà, pé Best Ogedegbe tó ń ṣọ́lé kàn bá wọn jẹ nínú rẹ̀ ni. Ẹ̀rí wọn ni pé góòlù kan ṣoṣo ló wọlé Nàìjíríà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún, èyí tí Tanzania gbá nínú 3-1. Ivory Coast, Íjíbítì, Mòrókò àti Algeria kò rí ẹyọ kan gbá wọlé. Mo fara mọ́ iye náà. Ohun tí wọ́n fi ń gbè lẹ́yìn ni mo takò.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí aṣọ́lé ṣe, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ìwé gbà sílẹ̀ nípa rẹ̀. Kíríkẹ́ẹ̀tì Kàríbíánì fi èyí hàn kedere. Bí aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó dà bí aṣọ́lé nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, bá hán bọ́ọ̀lù, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ sí ìwé pẹ̀lú ti ẹni tó jù ú. Síbẹ̀, Jeff Dujon ọmọ Jàmáíkà ṣeré Test (eré kíríkẹ́ẹ̀tì láàárín orílẹ̀-èdè) 81, ẹ̀ẹ̀márùn-ún péré ló fi bọ́ọ̀lù wó wíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí alátakò jáde kúrò lójú ìlà. Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ló lọ́ra? Rárá o. Àwọn ajùbọ́ọ̀lù tó yára bíi Malcolm Marshall àti Michael Holding ló ń ṣọ́ wíkẹ́ẹ̀tì fún. Ọ̀nà jíjìn ló ń dúró sí, àyè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀. Bí iye bá lè ṣini lọ́nà níbi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ aṣọ́wíkẹ́ẹ̀tì, mélòó mélòó ni ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, níbi tí ó jẹ́ pé ẹni tó gbá a wọlé nìkan ni ìwé ìgbà náà sábà ń dárúkọ? Bọ́ọ̀lù tí Ogedegbe mú kò sí níbẹ̀. Èyí tí Chukwu gbà kúrò náà kò sí níbẹ̀. Ìwé tó dákẹ́ kò lè jẹ́rìí fún ọ̀kan lòdì sí èkejì.

Wọ́n lè ní Chukwu lágbára lóòótọ́. Ta ló jiyàn? Ṣùgbọ́n Emmanuel Okala, aṣọ́lé kíláàbù Rangers tí Chukwu wà, ló ti bá Chukwu ṣeré pọ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí ẹlẹ́yìn nìkan bá tó, kí ló dé tí Otto Glória, akọ́nimọ̀ọ́gbá Nàìjíríà, fi gbé ilé fún Ogedegbe, ọmọ Shooting Stars Ìbàdàn? Ọjọ́ orí lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó sì tún jọ pé iṣẹ́ inú kíláàbù, nínú ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gba ife àwọn kíláàbù Áfíríkà wá sí Nàìjíríà ní 1976, ló sọ ọ́ di ẹni àyànfẹ́.

Ibi tí ẹ̀rí kù sí ni etí àwọn tó gbọ́ rédíò. Rédíò ti ń sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn kí 1980 tó dé, asọ̀ròyìn eré a sì máa dárúkọ aṣọ́lé nígbà tó bá mú bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tó kàn ni láti gba ìrántí àwọn àgbà olùgbọ́ ní Ṣakí, Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò sílẹ̀, ká sì fi ti ìlú kan yẹ ti èkejì wò. Títí dìgbà náà, mo dábàá pé ká pín ògo 1980 sọ́nà méjì, kí ti aṣọ́lé má sì kéré.