Ọmọlúàbí Kì í Ṣe Ọmọ Noa

Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí mo bá wọn jókòó sí, lẹ́yìn tí a ti fi oyin àti orógbó súre tán, ni àgbà oníwàásù kan dìde, tí ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí àwa Yorùbá fi ń pe ẹni tí inú rẹ̀ dára, tí ó lawọ́ sí aládùúgbò rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò sì gba ìkà, kì í ṣe tiwa rárá. Pé "ọmọ tí Noa bí" ni àwọn baba ńlá wa ń wí, kí ahọ́n tó yí i di ọmọlúàbí. Agbo mi orí, wọ́n ṣe àmín. Èmi náà mi orí, nítorí a kì í bá àgbà jiyàn lójú agbo; ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ó sì dà bí ẹni pé ilé onílé ni baba wò.

Òótọ́ ni pé ìtàn náà ní ibi tí ó fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí àyàn bá fi dùndún lu "Nóà bí," tí ó tún lu "lúàbí," ọ̀kan náà ni etí yóò gbọ́: òkè, ìsàlẹ̀, òkè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ti ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Alùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí kò sì jáde títí di 1921, yóò rántí Lámúrúdu, tí Johnson gbà pé orúkọ Nímúródù ni ó yí padà bẹ́ẹ̀, yóò sì bi wá léèrè pé bí N bá lè di L lẹ́nu àwọn tí ó pa ìtàn yẹn, kí ni kò níí jẹ́ kí ó di L níhìn-ín?

Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n inú Bíbélì Yorùbá, tí a parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ Noa. Inú rẹ̀ náà ni Násárẹ́tì àti Nínéfè wà, n kò sì tí ì gbọ́ ẹni tí ó pe ìlú Jésù ní Lásárẹ́tì. Àwọn Mùsùlùmí, tí wọ́n ti ń kírun láàárín wa kí Bíbélì náà tó dé, Ànábì Núhù ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá wá fẹ́ rí "lúà" nínú orúkọ ọkùnrin yìí, àfi kí ó lọ tọrọ "ú" ní mọ́ṣáláṣí, kí ó sì gba "à" ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó tó wá lẹ̀ wọ́n pọ̀ nílé.

Ohun tí ó tú àṣírí ìtàn náà jù lọ ni pé ọ̀pọ̀ àgbà kì í tilẹ̀ wí pé ọmọlúàbí. Ọmọlúwàbí ni wọ́n ń wí, pẹ̀lú W gbangba láàárín ọ̀rọ̀. Noa kò ní W, Núhù kò ní W. Ìwà ni ó ní in. Ọmọ tí olú ìwà bí ni: olú, bí a ti ń wí pé olú-ìlú, èyí tí í ṣe orí fún àwọn ìlú yòókù. W ọ̀hún a sì máa bọ́ lẹ́nu wa, gẹ́gẹ́ bí ó ti bọ́ nígbà tí òwúrọ̀ di òórọ̀, tí Ọbalúwayé sì di Ọbalúayé.

Ẹ tún jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ìkún omi, gbogbo aráyé ni ọmọ Noa, àti aláàánú àti òṣìkà, àti ọ̀lawọ́ àti ahun. Àpèjá tí ó bá kan gbogbo ènìyàn kò lè ya ẹni rere sọ́tọ̀. Nínú àwọn mẹ́ta tí Noa sì bí, Ṣémù, Hámù àti Jáfẹ́tì, Hámù ni ó rí ìhòòhò baba rẹ̀ tí ó lọ ròyìn rẹ̀ níta, tí ègún fi bọ́ sórí Kénáánì ọmọ rẹ̀. Kùránì, nínú Súrà Húdù, sọ ti ọmọ Núhù kan tí baba ké sí pé kí ó wọ ọkọ̀, tí ó ní òun yóò gun òkè, tí omi sì gbé e lọ. Ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a ó fi júwe ìwà fún ọmọ tiwa?

Ìwà ní ìdílé tirẹ̀. Àwọn babaláwo mọ̀ ọ́n sí aya Ọ̀rúnmìlà, tí ọkọ rẹ̀ kò mọ iyì rẹ̀ àfi ìgbà tí ó lọ tán; Sùúrù sì ni baba rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká, ara ènìyàn ni a ti gé wọn: inú ni inúure ti wá, ọwọ́ ni a fi lawọ́, ọwọ́ náà ni a fi háwọ́, ojú sì ni ọ̀dájú ti wá. N kò sọ pé a kò yá nǹkan kan o. Lára èdè Lárúbáwá ni sàráà àti àlùbáríkà ti wá, a sì ń lò wọ́n láìtijú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yá agbádá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kò ní láti wí pé sòkòtò ìdí òun náà, ọ̀rẹ́ ni ó ni ín.

Nígbà tí ìyá ìkókó ń gba ọmọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ baba oníwàásù lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní kí Olódùmarè sọ ọmọ náà di ọmọlúwàbí. W rẹ̀ dún ketekete létí mi. Baba ṣe àmín.