Òórùn ẹ̀tù ìbọn: ohun tí ọdẹ Ìbàràpá fi ń gbọ́ ìròyìn ti di lọ́fínńdà l'ókè òkun

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Èrúwà dé Ìgbò-Ọrà, láti Ìdèrè títí dé Igangan, bí òórùn ẹ̀tù bá gba inú afẹ́fẹ́ kọjá, àgbàlagbà yóò béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọdẹ ṣe oríire nínú igbó. Ó lè jẹ́ ọdún Ògún. Ó sì lè jẹ́ pé ọdẹ kan ló papò dà, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yìnbọn ẹ̀yẹ fún un, tí wọ́n ń múra àtiṣípà rẹ̀ pẹ̀lú ìrèmọ̀jé.

Òórùn yìí kan náà ti di ọjà l'ókè òkun. Àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe lọ́fínńdà olówó gọbọi ń fi òórùn ẹ̀tù polówó ọjà wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni BeauFort London, tó ṣe èyí tí wọ́n pè ní 1805 Tonnerre, ní ìrántí ogun ojú omi Trafalgar, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá Faransé àti Sípéènì jà ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 1805.

Kí ló ń mú ẹ̀tù rùn bẹ́ẹ̀? Ẹ̀tù dúdú tí ìbọn ṣakabùlà ń lò jẹ́ àdàlù ohun mẹ́ta. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 75 jẹ́ èròjà funfun kan tó jọ iyọ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní potassium nitrate. 15 jẹ́ èédú. 10 yòókù jẹ́ imí ọjọ́. Èédú ni iná ń jẹ. Èròjà funfun náà ló ń pèsè afẹ́fẹ́ tí iná fi ń jó wàràwàrà, imí ọjọ́ sì ń mú kí ó tètè gbiná.

Nígbà tí ẹ̀tù bá bú, ohun tó ju ìdajì rẹ̀ lọ kì í di afẹ́fẹ́ rárá. Ó ń di eruku lẹ́búlẹ́bú. Òun ni èéfín funfun tí a ń rí, òun náà sì ni ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Bí omi bá kan ìdọ̀tí yìí, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

Àwọn tó ń ṣe lọ́fínńdà kì í da ẹ̀tù sínú ìgò. Ọ̀dà tí wọ́n ń rí lára igi birch tí wọ́n bá sun ún, òróró igi mìíràn tó ní òórùn èéfín, tùràrí àti àwọn èròjà tó ń rùn bí òkúta tàbí irin ni wọ́n ń pò pọ̀, títí imú yóò fi gbà pé ìbọn ló dún.

Imú sì rọrùn láti tàn jẹ. Ní oṣù kejìlá, ọdún 1972, Eugene Cernan àti Harrison Schmitt, tí wọ́n fi ọkọ̀ Apollo 17 lọ sínú òṣùpá, sọ pé eruku ibẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn ń rùn bí ẹ̀tù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹ̀tù nínú òṣùpá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán an wò nílé láti po ẹ̀tù mọ́ lọ́fínńdà. Ọtí líle ló pọ̀ jù nínú lọ́fínńdà, ó ń gbiná kíákíá; ẹ̀tù ní tirẹ̀ kò mọ eré.

Fún ẹni tó ra ìgò yìí ní Lọ́ńdọ̀nù, òórùn ẹ̀tù jẹ́ fáàrí. Fún ará Igangan, tí àwọn agbébọn kọ lu ìlú rẹ̀ ní oṣù kẹfà, ọdún 2021, tí wọ́n pa ènìyàn, tí wọ́n sì dáná sun ilé, òórùn ìbọn kì í ṣe ohun tí à ń fín sára lọ síbi àríyá. Bí ó bá gbọ́ ọ, yóò kọ́kọ́ ka àwọn ọmọ rẹ̀ ná.